Kọ́kọ́rọ́ Wà Lápò Ọkọ Mi

Aránṣọ ni mí, ẹnu mi sì mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹnu yìí náà ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn tó ń la aráàlú lọ́yẹ̀ nípa ẹ̀tọ́ wọn ló ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí n má fi ohunkóhun pamọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wa. Nígbà tó kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Àbúrò mi ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, torí náà ó ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀. Nígbà tí onílé lé mi kúrò níbi tí mo ti ń ránṣọ, mo ní kó yọ̀ǹda apá iwájú fún mi. Ó ní eruku pákó á ba aṣọ àwọn oníbàárà mi jẹ́, kí n kúkú mú ẹ̀gbẹ́. Mo ní irọ́ ni, ó fẹ́ gbé gbogbo ẹ̀ mì ni. Oṣù mẹ́ta la fi fà á, títí àbúrò bàbá wa fi ní ká wá bá òun lọ́jọ́ Ìsinmi, òun á parí ẹ̀ fún wa.

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn ku ọjọ́ méjì péré. Mi ò lè dúró.

Ọlọ́pàá ni ọkọ mi, Sájẹ́ǹtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, bó ṣe ń so okùn bàtà ẹ̀, mo jókòó tì í, mò ń sunkún pé àbúrò mi ò kà mí sí. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí òun ṣe.

“Ẹ bá mi dẹ́rù bà á díẹ̀,” ni mo wí. “Díẹ̀ báyìí. Tó bá dìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.”

Díẹ̀! Mò ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀rín ni àbúrò mi ń rín nígbà tí ọkọ mi dé bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rò pé àna òun ń bá òun ṣàwàdà ni. Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọkọ mi mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mọ́ irin fèrèsé lókè, níbi tí kò ti lè jókòó kó kanlẹ̀. Ó sọ fún ẹni tó wà nídìí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá mú sí pé ọ̀rọ̀ ẹbí òun ni, kó má kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá wọn ní kó bọ́ sọ́kọ̀, kó lọ ṣọ́ ibì kan nílùú mìíràn. Ó bá wọn lọ, kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lápò ẹ̀. Ó gbàgbé. Ohun tó sọ fún mi nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́, ìgbàgbé yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Lọ́sàn-án, ìyàwó àbúrò mi dé ọ̀dọ̀ mi, gèlè ọwọ́ ẹ̀ ti rin fún òógùn. Ó ní òun ti dé àgọ́, wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n ní kò sórúkọ ọkọ òun níbẹ̀. Èmi mọ ibi tí ọkọ ẹ̀ wà.

“Lọ sinmi,” ni mo fi dá a lóhùn. “Ẹni tó lọ kọ́gbọ́n kì í sọnù.”

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Nígbà tí ọkọ mi pè pé òun ò ní lè wálé lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ó ti tú àbúrò mi sílẹ̀ kó tó lọ. Mi ò béèrè.

Ní àgọ́, àwọn tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ti àárọ̀ ń gbọ́ igbe. Wọ́n yẹ ìwé wò, kò sórúkọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí Sájẹ́ǹtì ni, kò kàn wọ́n. Ẹnì kan fún un lómi mu.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni ọlọ́pàá obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Oníwèé wọṣẹ́. Òun ló ń bójú tó ìwé orúkọ. Ó gbọ́ ìkérora, ó sì ṣílẹ̀kùn. Kò sí kọ́kọ́rọ́ wọn tó wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn, torí ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló rà á. Ló bá ní kí ìyàwó àbúrò mi, tó ti padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, sáré mú ayùn tó ń gé irin wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ayùn àbúrò mi ni wọ́n fi tú àbúrò mi sílẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo máa fi dé àgọ́, ọwọ́ náà ti wú, ó dúdú.

“Àǹtí,” ló wí, “mi ò gbúròó ọwọ́ mi mọ́.”

Dókítà ní iṣan ọwọ́ ti kú. Màmá Oníwèé jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Kò pariwo mọ́ mi, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó bi mí bóyá àbúrò mi jalè ni, mo ní rárá. Bóyá ó lù mí ni, mo ní rárá.

“Kí ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa?” ló wí. “Ọ̀rọ̀ ogún kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn àgbà ẹbí ló ni ín, tí kò bá yanjú, ó di kóòtù. Ká tiẹ̀ ní ó ṣẹ̀ sófin, ọkọ rẹ kọ́ ló yẹ kó mú un. Ẹni tó bá sì wọ àgọ́ wa, orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀wé lójú ẹsẹ̀, káwọn èèyàn ẹ̀ lè mọ ibi tó wà. Tí ẹni tí kò sí nínú ìwé bá kú, ta ló máa mọ̀?”

Òun ló kọ̀wé fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá wọn. Mo lọ jẹ́rìí. Wọ́n ti gba aṣọ iṣẹ́ lára ọkọ mi, ẹjọ́ ẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo jẹ́rìí. Ìyàwó àbúrò mi kì í dáhùn ìkíni mi, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Èmi ò gbé àbúrò mi lọ sí kóòtù, ibi tí mo rán an lọ burú jù ú lọ. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní ọlọ́pàá nílé, ẹ má fi dẹ́rù ba ẹbí, ẹ má fi gba ilẹ̀, ẹ má fi bá ọkọ tàbí aya jà. Ìwọ tó o sì jẹ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n bá bẹ̀ ọ́, kọ̀. Tí wọ́n bá mú èèyàn yín, tí wọ́n ní kò sí nínú ìwé, ẹ má lọ sinmi. Ẹ béèrè ọ̀gá àgọ́, ẹ pe lọ́yà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń gba ẹjọ́ aráàlú lórí ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an.

Àbúrò mi ti yọ̀ǹda gbogbo ṣọ́ọ̀bù fún mi. Ó ní kí lòun tún fẹ́ fi ṣe. Mo rán ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó máa ń gba orí wọ̀. Mi ò fi bọ́tìnì kankan sí i, torí kò lè dè é mọ́.