Ẹnu Tí Kò Fẹ́ Agbẹnusọ

Lọ́dún 1979, lóṣù tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, tí gbogbo Rẹ́mọ ń yọ̀ pé mẹ̀kúnnù náà ti lẹ́nu ọ̀rọ̀, ni Ojúọlá, ọmọ Ìjòkú ní Ṣàgámù, kọ̀ láti fi obì sẹ́nu nínú ìsọ̀ obì ní Sábó.

Ẹni tí kò bá mọ ìsọ̀ náà lè ní kí ló dé. Bí Haúsá tó fẹ́ ra obì bá wọlé, Bàbá Oyèbọ̀dé ògbufọ̀ á la gbànja kan, á fún olóbì ní awẹ́ kan kó máa jẹ ẹ́ títí òun yóò fi bá a ná ọjà rẹ̀ tán. Bàbá á wá ká apá agbádá òfì rẹ̀ sórí èjìká, á máa da èdè Haúsá sílẹ̀ wàràwàrà, olóbì á sì máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ bí ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jogún rẹ̀.

Láti ìgbà tí Ojúọlá ti wà lómidan ló ti ń bó obì láàárín àwọn Haúsá, ìkíni nìkan ló sì mọ̀ nínú èdè wọn. Ó ti gbà pé bó pẹ́ bó yá, èdè náà á wọ òun lára fúnra rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Lọ́jọ́ kan, Sàídì tó ń ra obì lọ sí Kánò sọ̀rọ̀ títí ó fi làágùn, Bàbá sì yíjú sí Ojúọlá, ó ní, "Ó ní kò dáa tó." Inú bí Ojúọlá gan-an. Ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ta ló gbé ìyókù rẹ̀ mì?

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi etí ṣọ́dẹ. Láràárọ̀, á mú ohun kan ṣoṣo tí yóò máa ṣọ́ lẹ́nu wọn: lónìí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọjà, lọ́la, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀dínwó. Á máa sọ ọ́ lábẹ́ ètè bó ti ń bó obì. Èyí tí kò bá yé e, á bi ìyàwó Sàídì, torí abèèrè kì í ṣìnà. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, kò wojú wọn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó so awẹ́ obì náà mọ́ etí ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ rẹ̀, ó dìde níwájú agbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Wannan goro nawa ne. Da ni za ka yi magana." Ó ní òun ló ni obì, òun sì ni kí Sàídì bá sọ̀rọ̀. Sàídì wo ojú rẹ̀, ó jókòó, wọ́n sì ná an tán láàárín ara wọn.

"Ta ló rán ẹ?" Bàbá Oyèbọ̀dé bèèrè. "Èdè kì í ṣe ohun tí à ń lé kiri. Mo bá wọn gbé ni, ó wọ̀ mí létí."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ó pẹ́ tí òjò ẹ̀ ti ń rọ̀ lé mi lórí, mi ò romi mu, torí mi ò gbé igbá sí i. Mo ti gbé e báyìí."

"Kúnlẹ̀ kí o tọrọ àforíjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o ò ní tajà níbí mọ́."

"Ẹ jẹ́ n gbé agbọ̀n mi, sà."

Wọ́n lé e. Wọ́n kìlọ̀ fún alágbàárù kó má ru ẹrù rẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún eléwé kó má ta ewé tó fi ń di obì fún un. Obì rẹ̀ jẹrà, ó sunkún lé e lórí, kò sì kúnlẹ̀. Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba rẹ̀ ní Ìjòkú, Sàídì sì ń wá bá a níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn olóbì ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ́ wá kọ́ èdè. "Ẹ má kàn gbọ́ ọ," ni yóò máa wí fún wọn. "Ẹ ṣọ́ ọ."

Nígbà tí ọdún 1983 ń parí lọ, ológun tún gbàjọba, kálukú sì tún ń fọwọ́ bo ẹnu. Ní Sábó, àwọn olóbì ti ń fẹnu ara wọn nájà, Bàbá Oyèbọ̀dé sì ń dá jókòó. Ó wá rán Sàídì sí Ojúọlá pé kó pa dà sí ìsọ̀. Kò ní kúnlẹ̀ mọ́, kó ṣáà fi àforíjì rán Sàídì.

Ojúọlá ń ṣa obì rẹ̀ lọ. Èdè Haúsá ló fi dáhùn.

"Ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n wá fúnra wọn. Kò sí ògbufọ̀ láàárín wa mọ́."