Ọmọ-Ẹ̀yìn

Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé kan ni Mọ́ṣádé kọ́kọ́ rí, kó tó wá rí ọkùnrin gíga tó gbé e dání. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà ti sọnù, ṣùkù àgbàdo ni ọkùnrin náà fi dí ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ funfun nini, wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé eṣinṣin lè yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa Mọ́ṣádé, ó sì gbé ojú kúrò.

Ọdún 1984 ni. Àwọn ológun ti gbàjọba, wọ́n sì ti kọ́ gbogbo wa ní ìlà títò. A tò fún búrẹ́dì, a tò fún ọkọ̀, a tò fún kẹrosíìnì. Àwa Ìjẹ̀bú tí a kì í fẹ́ dúró lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ojú wa rí nǹkan lọ́dún náà.

Mọ́ṣádé, agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ayépé, ló wà ní ìparí ìlà lọ́jọ́ yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ràmọ́tà tó ń ta kẹrosíìnì ti rí ọkùnrin náà lókèèrè, ó sì ń juwọ́ sí i.

"Tíṣà Walter, ẹ máa bọ̀ níwájú níbí. Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ọmọ mi níwèé ló yẹ kẹ́ ẹ máa tò ni?"

Walter dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wá dúró sẹ́yìn Mọ́ṣádé.

"Wọ́n pè yín síwájú, ẹ̀yìn lẹ gbà wá," ni Mọ́ṣádé wí láì bojú wẹ̀yìn. "Àbí ọmọ ẹ̀yìn ni yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé Olúwa."

Ìgbà yẹn ni Mọ́ṣádé wá yíjú padà, ó sì wò ó dáadáa.

Nígbà tí ìlà fi máa kan Mọ́ṣádé, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú àgbá ló kún kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, Ràmọ́tà sì fi àkísà nu ọwọ́. Kẹrosíìnì tán. Walter gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, kò tilẹ̀ fajú ro. Ara Mọ́ṣádé kò gbà á.

"Ẹ dúró ná. Ẹ yọ ṣùkù yẹn." Ó pín kẹrosíìnì rẹ̀ sí méjì, ó da ìdajì fún un. "Ẹ rí i bí? Ẹni bá ń ṣe bíi tiyín, inú òkùnkùn ni yóò máa sùn."

"Bí mo bá lọ síwájú," ni Walter fèsì, "ta ni ì bá bu tirẹ̀ fún mi báyìí?"

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Odògbólú ni Walter ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí Ayépé, tí yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn gbogbo àwọn aláboyún, títí Mọ́ṣádé yóò fi dá gbogbo wọn lóhùn. Àwọn obìnrin náà sọ ọ́ di àpárá. "Nọ́ọ̀sì, aboyún kan ló kù o," ni wọn á wí, "ṣùgbọ́n ikùn tirẹ̀ kò tíì yọ." Walter á dọ̀bálẹ̀ fún àgbà inú wọn, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ-ẹ̀yìn," ni Mọ́ṣádé máa ń pè é. Orúkọ náà mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì pè é ní Walter mọ́ àfi bí inú bá ń bí i.

Lọ́jọ́ kan, tí wọ́n jọ ń rìn lọ sí ibùdókọ̀, Walter dúró lójijì. "Mọ́ṣádé, ìwọ náà mọ̀ pé n kì í jà fún iwájú. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ tìẹ, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú mi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Mọ́ṣádé wo kẹ̀kẹ́, ó wo bàtà rẹ̀. "Ṣé o ti ra ìdérí kẹ́ẹ̀gì?"

"Mo ti rà á."

"Ó dáa. Wá rí bàbá mi."

Theophilus Adélékè, bàbá Mọ́ṣádé, ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Walter náà ń lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ó fẹ́ràn Walter. Ṣé ẹni tí ìkọ̀wé rẹ̀ dùn-ún wò tó bẹ́ẹ̀, tí alùfáà fi gbé ìwé ìrìbọmi àtijọ́ fún un pé kó dà á kọ sínú tuntun, nítorí ikán ti ń jẹ ti àtijọ́ lọ, ni èèyàn kò ní fẹ́ràn? Wọ́n fi ìdána sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìkórè, ìyá Mọ́ṣádé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí yan aṣọ.

Ibi tí wọ́n ti ń dunnú yìí ni lẹ́tà ọ́fíìsì ti dé. Ìjọba ológun ń dá àwọn àgbà òṣìṣẹ́ sílé, wọ́n sì ní kí oníkálùkù mú ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí a ti ń ṣe. Ọjọ́ orí ilé wà, ti ọ́fíìsì sì wà. Ọdún 1934 ni Bàbá Theophilus sọ pé wọ́n bí òun nígbà tó gbaṣẹ́, ọdún 1929 ni ìyá rẹ̀ bí i. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Frederick, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wà ní yunifásítì, Gilbert tó tẹ̀ lé e ń múra láti wọlé, owó oṣù ọkùnrin yìí nìkan ló sì gbé ilé náà dúró.

Ó ránṣẹ́ pe Walter lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Mọ́ṣádé ló gbé omi tútù fún un, ó sì jókòó tì wọ́n.

"Walter, ọmọ mi, ojú ìwé tí orúkọ mi wà, ṣé o ti dé ibẹ̀?"

"Mo ti dé ibẹ̀, sà. N kò tíì dà á kọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́, kọ 1934. Ikán á jẹ èyí tó kù. Ohun tí alùfáà bá bá nínú tuntun ni yóò buwọ́ lù."

Walter gbé ife omi sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ka ojú ìwé náà fúnra yín ná."

"Ṣé n kò mọ ọjọ́ orí ara mi ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wá kà á. Bí ẹ bá kà á tán, tí ẹ ṣì ní kí n yí i, n kò ní lè yí i, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á."

Bàbá dìde. "Ẹni tí kò lè fi kálàmù lásán ran àna rẹ̀ lọ́wọ́, kí ni yóò fi tọ́jú ọmọ mi? Kò sí ìdána mọ́. Máa lọ."

Mọ́ṣádé sáré bá Walter lẹ́nu géètì. Ẹ̀rù bà á, inú sì ń bí i. "Walter, nítorí mi. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà méjì péré ni."

"Mọ́ṣádé, iṣẹ́ rẹ ni láti máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ aráyé. Ṣé o ti yí ti ẹnì kan rí?"

"Bàbá mi kọ́ ni wọ́n."

"Bí mo bá kọ ọ́," ni Walter wí, "ọkùnrin tí o pín kẹrosíìnì fún kọ́ ni wàá fẹ́. Ẹlòmíràn ni. Mo fẹ́ràn rẹ débi pé n kò mọ bí n ó ṣe délé lónìí. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́."

"Nígbà náà, má wá sí Ayépé mọ́."

Kò sì wá mọ́. Àwọn aláboyún bèèrè rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mọ́ṣádé á rí i lórí ìjókòó ìkẹyìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti rù, wọn kì í kí ara wọn. Ó wù ú kó kórìíra rẹ̀, kò rí i ṣe. Ìkórè kọjá, ọjọ́ ìdána kọjá, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì kí bàbá rẹ̀ mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì.

Ẹ̀mí kan wá sọ fún Mọ́ṣádé pé ìkọ̀wé tirẹ̀ náà kò burú. Ọ̀sán Sátidé ni àwọn obìnrin ìjọ máa ń tún pẹpẹ ṣe, ìyá rẹ̀ sì wà lára wọn. Mọ́ṣádé gba iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn yòókù bọ́ síta láti já òdòdó, ó wọ yàrá tí alùfáà ti ń wọ ẹ̀wù, ó fa àpótí ìwé yọ, ó sì mú kálàmù rẹ̀ jáde. Walter ti dá ìwé méjèèjì padà. Nínú tuntun, ó dà á kọ dé ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1929. Ibẹ̀ ló ti dúró.

Mọ́ṣádé ṣí ti àtijọ́ kó lè mọ ohun tí yóò yí. Ikán ti jẹ etí ìwé náà, ṣùgbọ́n ojú ìlà bàbá rẹ̀ mọ́ kedere. Ó sì rí i pé ajíhìnrere tó kọ ọ́ láyé ìgbà náà kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Kálàmù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá náà, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó dìde, kò yí ohunkóhun. Ilé ló lọ, ó sì kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Mo lọ síbẹ̀ láti fi ọwọ́ ara mi yí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá kà á."

Bàbá Theophilus wo ojú ọmọ rẹ̀, kò jiyàn. Ó wọ bàtà. Nígbà tí wọ́n dé yàrá náà, ó fi dígí sójú, ó sì ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà bó ti ń kà á jáde:

"Theophilus, ọmọkùnrin. Ìyá, Yéjídé. Bàbá, kò wá. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n wá láti Ayépé, ẹsẹ̀ ló fi rìn. Àwọn ará ilé ọkọ ti lé e jáde nítorí omi ìrìbọmi yìí. Mo gbà á níyànjú kó sún un di ọdún tó ń bọ̀, kí inú wọn lè rọ̀. Ó kọ̀. Ó ní, ọmọ ẹ̀yìn mi nìyí, mo fẹ́ kó di ọmọ-ẹ̀yìn Jésù lónìí."

Ó yọ dígí. Ó jókòó sórí àpótí.

"Wọ́n ní bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́," ni ó wí. "Ohun tí ìyá mi sọ fún mi nìyẹn títí tó fi kú. Kò sọ fún mi pé nítorí mi ni wọ́n ṣe lé òun jáde nílé." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọdún kan péré ni wọ́n ní kó sún un, Mọ́ṣádé, ó kọ̀. Èmi tí ìyá mi pọ̀n wá, ọdún márùn-ún ni mo fẹ́ sún un."

Lẹ́yìn náà Bàbá ní, "Ọmọkùnrin yẹn ti ka èyí kí n tó ránṣẹ́ pè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò sì fi bú mi. Ó kàn ń bẹ̀ mí pé kí n wá kà á." Ó mi orí. "Lọ pè é fún mi."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Mọ́ṣádé wọkọ̀ lọ sí Odògbólú. Iwájú yàrá rẹ̀ ló ti bá Walter, tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Walter dìde.

"Mo lọ ka ìwé náà," ni Mọ́ṣádé wí. "Bàbá mi náà ti kà á. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ fún mi lẹ́nu géètì lọ́jọ́ yẹn?"

"Ìyá bàbá rẹ ló ni ín. Kò yẹ kí n fi jà fún ara mi."

"O ì bá pàdánù mi, Ọmọ-ẹ̀yìn."

Nígbà tó gbọ́ orúkọ náà, omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. "Mo ti gbà pé mo ti pàdánù rẹ," ni ó wí. "Ojoojúmọ́ ló ń dùn mí. Kò sí ọjọ́ tí kò dùn mí."

Mọ́ṣádé ki ọwọ́ bọ inú omi ọṣẹ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Bàbá ń dúró dè ọ́. Nu ọwọ́ rẹ."

N kò ní parọ́ fún yín pé nǹkan dẹrùn lẹ́yìn náà. Walter da ojú ìwé náà kọ bó ti wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Bàbá Theophilus sì mú ẹ̀rí òtítọ́ lọ sí ọ́fíìsì. Oṣù kejìlá kò parí kí wọ́n tó dá a sílé. Frederick fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún kan, ó ń ṣe tíṣà. Gilbert kò wọlé lọ́dún náà. Bàbá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ayépé, ó gbin gbágùúdá, ọwọ́ tó ti mọ́ kálàmù lára sì yọ èépá. Ìyá Mọ́ṣádé tú aṣọ ìdána tó ti yàn ká, ó mú èyí tí apá lè ká.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣègbéyàwó náà, lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 1985. Lẹ́yìn ìwàásù, alùfáà kó wọn wọ yàrá yẹn kan náà láti buwọ́ lùwé. Ó ń bèèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó. Ó wá dé ibì kan, ó rọra fa ohùn.

"Iṣẹ́ bàbá ìyàwó?"

Walter wolẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tí Bàbá Theophilus ti jẹ́ rí.

"Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì," ni Bàbá dáhùn. "Ẹ kọ ọ́ kó hàn. Bí àyè bá wà, ẹ fi ọjọ́ orí mi sí i."

"Kò sí àyè ọjọ́ orí níbí, Bàbá Ìjọ," ni alùfáà wí.

"Kò burú. Ẹni bá ń wá a, kó ṣí ìwé ìrìbọmi. Ohun tí òtítọ́ ibẹ̀ ń náni, ìyá mi ti kọ́kọ́ san án."

Alùfáà na kálàmù sí ọkọ. Walter, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, sún sẹ́yìn pé kí Mọ́ṣádé ṣáájú.

"Tòní kọ́, Ọmọ-ẹ̀yìn," ni Mọ́ṣádé rọra wí fún un. "Ìlà ti kàn ọ́."

Walter buwọ́ lù ú. Mọ́ṣádé tẹ̀ lé e. Bàbá Theophilus, ẹni tí ipò kì í jẹ́ kó tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀, dúró sẹ́yìn àwọn méjèèjì títí tó fi kàn án.