Fídáù Alààyè

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe fídáù bàbá Rùmáísà ni ọmọ náà kò ti sunkún mọ́. Ohun tó yẹ kó dùn mọ́ Sùwéébátù, ìyá rẹ̀, nìyẹn, ó sì kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Sùwéébátù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé bí ọmọ náà bá fẹ́ sùn, ẹ̀gbẹ́ kan ẹní ló máa ń ká ara rẹ̀ jọ sí, bí ẹni tó gba àyè sílẹ̀ de àgbàlagbà kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ìyá bá fẹ́ ká ẹní, ibi tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí náà yóò tutù bí ìdí àmù.

Ohun kan sì wà tí àwọn ará Anyama, ìlú tí wọ́n ń gbé nítòsí Abidjan, kò mọ̀. Bàbá tí wọ́n ṣe fídáù rẹ̀ kò kú. Àrìmíyàù wà láàyè, ẹ̀wọ̀n ló wà.

Ọmọ Ṣakí ni Àrìmíyàù, ọjà Adjamé ní Abidjan ló ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Wọ́n ní ọjà olè wà nínú èyí tó rà. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, Ọlọ́run ló yé. Ojú ọmọ rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ṣe wá mú un, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni Rùmáísà, ọmọ ọdún méje, ti ń tọ̀ sórí ẹní. Níléèwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní fille de voleur, ọmọ olè. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lọ́fun mọ́. Sùwéébátù bá gbé e lọ sí Anyama, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n, ó ń bá wọn ṣa obì níbẹ̀ jẹun. Ó sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ̀ lọ sí Ṣakí, pé ó ń bọ̀. Ọmọ gbà á gbọ́ jù. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń lọ dúró síbi tí gbàkà, bọ́ọ̀sì Adjamé, ti ń já èrò, tí yóò máa wo ojú àwọn ọkùnrin bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kàbírù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ọmọ lọ wo bàbá rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ọmọ òun kò ní mọ ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Ó ní aláìníbàbá sàn ju ọmọ ẹlẹ́wọ̀n lọ, nítorí ayé a máa ṣàánú aláìníbàbá.

"Ìyàwó," ni Kàbírù wí pẹ̀lẹ́, "a kì í ṣòkú alààyè."

Etí tí yóò gbọ́ ti di. Obìnrin náà wí fún ọmọ pé ikú ti mú bàbá rẹ̀ ní Ṣakí. Nígbà tí Rùmáísà kò gbà, tó tún lọ dúró de gbàkà, ìyá tọ ààfáà àdúgbò lọ, ẹni tí kò mọ nǹkan kan, pé kó wá bá wọn ṣe fídáù. Wọ́n pe orúkọ Àrìmíyàù, wọ́n tọrọ àforíjì fún un, wọ́n ní kí Ọlọ́run fẹ sàréè rẹ̀. Wọ́n fi àwọn aṣọ rẹ̀ ṣe sàárà. Rùmáísà ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohùn gbogbo wọn sì ti balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí Sùwéébátù ti ń ti ibi obì bọ̀, ó gbọ́ tí ọmọ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú yàrá. Òórùn kan ń jáde lẹ́nu ọ̀nà: epo ẹ̀ńjìnnì àti túràrí, òórùn tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé wálé láti ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré wọlé.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"C'est papa, bàbá mi ni," ni ọmọ dáhùn, ara rẹ̀ balẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ la ọ̀nà fún àwọn."

Ó yẹ kó jẹ́wọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ti ń jẹun, kò tọ̀ sórí ẹní mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Àbámọ̀ ìgbà yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ di òní.

Nígbà tó lọ wo Àrìmíyàù lẹ́wọ̀n, ọkùnrin náà sọ fún un pé òtútù kì í kúrò lára òun mọ́, nínú ooru Abidjan. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ fún oúnjẹ, wọ́n ń fo tòun. Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn ń na ẹsẹ̀ lé òun lórí bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Rùmáísà ń béèrè òun. Sùwéébátù ní ó ń béèrè. Ó sunkún títí ó fi délé.

Ọjọ́ ìtúsílẹ̀ pé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Kàbírù mú Àrìmíyàù dé ẹnu ọ̀nà, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lè rójú ara wọn. Sùwéébátù kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Rùmáísà wà lórí ẹní, ó ń kàwé.

"Rùmáísà, dárí jì mí. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Bàbá ẹ ò kú. Àwọn rèé."

Ọmọ gbójú sókè. Ó wo ibi tí bàbá rẹ̀ dúró sí gan-an, ojú rẹ̀ sì la ọkùnrin náà kọjá lọ sí ìta.

"Maman, ta lẹ̀ ń fi hàn mí?"

Àrìmíyàù wọlé, ó wólẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó pe ọmọ rẹ̀ ní Àṣàbí, oríkì tí òun nìkan máa ń pè é. Ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. Ọmọ náà gbọ̀n, ó fa aṣọ bo ara, bí ẹni tí atẹ́gùn fẹ́ lù. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà sórí ẹní, ó kọjú sí àyè tó gbà sílẹ̀.

"Papa, ẹ má bínú," ló sọ wúyẹ́. "Inú Maman ò dùn lónìí."

Àrìmíyàù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún, ẹnu rẹ̀ padé. Ṣùgbọ́n Sùwéébátù gbọ́ ìdáhùn láti orí ẹní, ohùn ọkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́:

"Jẹ́ kí wọ́n sinmi, Àṣàbí. Èmi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀ lọ síbì kankan mọ́."