Bọ́ọ̀dù Olówó Pọ́ọ́kú láti Olódò

"Kò sí ọmọ abà yìí tí yóò tún wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tìtorí kọ̀ǹpútà. Mo ṣèlérí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọnọ́rébù Akínfẹ́nwá ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ó wá ṣí gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà Abà Sàńdà. Jẹnẹrétọ̀ tí ó gbé wá ni wọ́n fi tan àwọn kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, ó gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ. Iná ìjọba kò dé. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wà ní títì láti ìgbà náà.

Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ti bá òkú Bàbá Òrìṣàdìpẹ̀.

Òun ni ọlọ́dẹ gbọ̀ngàn náà. Ó nà gbalaja lórí ẹní rẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ọgbẹ́. Ike fúrà kan tí ó ti ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Àpèkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un láàárọ̀ tí ó sì figbe ta.

Kifayah ló kọ́kọ́ sáré dé. Ilé wọn ló kọjú sí gbọ̀ngàn náà. Ó di ọwọ́ bàbá náà mú. Ọwọ́ náà tutù, ó sì ti gan. Ó jù ú sílẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

Èrò pé jọ. Wọ́n wo ilẹ̀kùn. Àgádágodo wà níbi tí ó máa ń wà. "Ojú oorun ló gbà lọ," ni wọ́n ń wí. "Àgbà ni." Kò sí ẹni tí ó dárúkọ olè.

Àlájì Gàfárù gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró lẹ́yìn èrò. Òun ni aṣojú Ọnọ́rébù ní abà náà, ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ méjì gbọ̀ngàn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará abà. Ọlọ́run yóò fi òfò náà ra ẹ̀mí. Yóò fi èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò."

"Àmín," ni gbogbo wọn dáhùn, bí ó ṣe mọ́ wọn lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni èrò lanà fún un. Ó rí ẹní. Ó rí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kí ló ṣe Bàbá?" Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n.

Nígbà tí oòrùn ràn, Tèmídayọ̀, olùkọ́ tí wọ́n gbà síbẹ̀, fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n ti gé irin fèrèsé ẹ̀yìn. Àwọn sikirínì ṣì wà lórí tábìlì, eruku bò wọ́n. Gbogbo àpótí kọ̀ǹpútà ti lọ.

Ìgbà náà ni ẹkún yí padà di ìbẹ̀rù. Olè ti wọ abà. Olè sì ti pa ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó tún jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dá lọ pọnmi mọ́.

Ṣáájú èyí, Kifayah àti àbúrò rẹ̀, Roheem, ti ń kó kọ̀ǹpútà ilé kan jọ díẹ̀díẹ̀. Yunifásítì ni Kifayah ti gboyè jáde, kò sì ríṣẹ́. Ó fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà náà kọ́ àwọn ọmọ abà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé orí kọ̀ǹpútà. Agbára wọn kò ká tuntun. Roheem lọ sí Olódò, ó ra bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kan, ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an, tí pírósẹ́sọ̀ àti fáànù rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Wọ́n dì í sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ń wá àwọn ohun yòókù.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá Òrìṣàdìpẹ̀, wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Roheem fa jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn. Fáànù yí. Sikirínì dúdú. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà funfun yọ:

ABÀ SÀŃDÀ. GBỌ̀NGÀN KỌ̀ǸPÚTÀ.

"Àǹtí mi, ẹ pa á! Ẹ pa á!"

Kifayah pa á. Ohun tí ọlọ́dẹ kú lé lórí ló wà lórí tábìlì wọn.

"Ẹ jẹ́ ká jù ú sí ṣálángá," Roheem wí.

"Bí a bá jù ú nù, a ti gbà pé àwa la jí i. Gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Sọ òtítọ́ fún wọn."

Roheem dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ. Kò padà wálé. Kifayah tọ̀ ọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Insipẹ́kítọ̀ Olúwaṣìkẹ́mi kò pariwo mọ́ ènìyàn. Ohun tí ó ń dẹ́rù bani lára rẹ̀ nìyẹn.

"A bá ẹrù olè lọ́wọ́ àbúrò rẹ," ó wí. "Ènìyàn kú. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ọkọ̀ wa yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni."

"Ẹ ò bá a lọ́wọ́ rẹ̀, Mà. Òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e wá fún yín."

"Ọ̀daràn gbọ́n."

"Ó rà á kí Bàbá tó kú." Kifayah gbé fóònù rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tèmídayọ̀, kí ó bá mi wò ó bóyá ó dára. Ẹ wo déètì. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lára bọ́ọ̀dù."

Insipẹ́kítọ̀ gbé bọ́ọ̀dù náà jáde. Ó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Ó tún un wò.

"A jẹ́ pé ẹnì kan ti ń tú wọn kí fèrèsé tó já."

"Ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni, Mà. Roheem kò ní in."

"Ó lè jẹ́ pé ẹni náà fún un. Ọkọ̀ ṣì ń lọ lọ́la. Bí o bá rí ohun tí ó lè dá a dúró, mú un wá."

Akóredé, tí ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní Olódò, rẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí oníbàárà. Ẹ̀rín náà kú nígbà tí ó gbọ́ "Abà Sàńdà".

"Mi ò mọ ibẹ̀."

"Àbúrò mi ra bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín. Irú rẹ̀ ló tò sẹ́yìn yín yẹn. Ta ló kó wọn wá?"

"Ọ̀gá kan ni. Ó ní ọ́fíìsì kan ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ọjà ni mò ń tà, n kì í bi ẹrù léèrè ìdílé." Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ pé ènìyàn kú níbẹ̀. Ẹni tó bá lè pa ọlọ́dẹ, ṣé èmi Akóredé ni kò ní lè pa? Ẹ máa lọ."

Ó fa ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ wálẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Inú gbọ̀ngàn ni Kifayah ti bá Tèmídayọ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń nu eruku. Kifayah dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ Tèmídayọ̀ ni olè náà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe òun.

"Ta ló kọ orúkọ abà sínú kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn?"

"Èmi ni." Kò tilẹ̀ ronú. "Lọ́jọ́ ìṣíde. Àlájì ní orúkọ Ọnọ́rébù nìkan ni a gbọ́dọ̀ rí lára wọn. Inú bí mi. Mo wọ inú ètò bọ́ọ̀dù wọn, mo kọ orúkọ abà sí ibi tí yóò ti yọ bí wọ́n bá tàn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ sì rí fọ́tò bọ́ọ̀dù wa, ẹ ní ó dára?"

"Gbogbo irú bọ́ọ̀dù yẹn ló jọra! Orúkọ kì í hàn lójú fọ́tò." Ó ju àkísà sílẹ̀. "Ṣé èmi lo ń fura sí?"

Kifayah wò ó pẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé orúkọ wà nínú ẹrù kò ní tà á láìkọ́kọ́ pa orúkọ náà rẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn sikirínì. Olè wo ló ń fi sikirínì sílẹ̀ tí ó ń ru àpótí? Àfi ẹni tí kò fẹ́ kí a rí i pé àpótí ṣófo.

Kọ́kọ́rọ́ kan ló kù. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀rẹ́ Ọnọ́rébù sì ni Àlájì Gàfárù.

Nígbà tí ó délé, Àpèkẹ́ wà lọ́dọ̀ Fàtímọ̀, ìyá Kifayah. Opó náà kò gbà pé Roheem ló pa ọkọ òun. Fàtímọ̀ fẹ́ gbé omi fún un. Àwo tánńganran bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá.

"Ẹ má bara jẹ́, Ìyá Roheem," Àpèkẹ́ wí. "Ọlọ́run yóò fi òfò ra ẹ̀mí."

Kifayah dúró gbagidi.

"Ìyá àgbà, ẹ tún un wí."

"Kí ni mo wí? Àwo fọ́, mo gbàdúrà."

"Bí ènìyàn bá kú ńkọ́? Ṣé ẹ máa gbà á?"

"Ṣé orí mi dàrú ni? Bí ẹ̀mí bá ti lọ, kí ni òfò tún fẹ́ rà?"

Kifayah ti sáré jáde, ó forí lé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ní ọjọ́ kejì, kí ìrun ọ̀sán tó tó, Insipẹ́kítọ̀ Olúwaṣìkẹ́mi pe ará abà jọ síwájú gbọ̀ngàn. Roheem wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kifayah bọ́ síwájú.

"Àlájì, láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá kú, àdúrà wo ni ẹ gbà?"

"Èmi? Àdúrà tí gbogbo ènìyàn ń gbà."

"Ẹ ní kí Ọlọ́run fi òfò náà ra ẹ̀mí."

"Mo tilẹ̀ ṣàmín sí i," Àpèkẹ́ wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán!" Àlájì yíjú sí Insipẹ́kítọ̀. "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọmọ yìí? Ìwé ti dà á lórí rú."

"Àdúrà ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, tí ẹ̀mí rẹ̀ kù, ni," Kifayah wí. "Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kò sí ẹni tí ó tíì dé ẹ̀yìn ilé. Kò sí ẹni nínú wa tí ó mọ̀ pé nǹkan sọnù. Ẹ̀yin mọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ènìyàn kú. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò mọ̀. Ẹ ti múra àdúrà olè sílẹ̀ láti ilé, òkú ni ẹ bá."

Insipẹ́kítọ̀ ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Akóredé, tí wọ́n ti lọ mú wá láti Olódò, sọ̀ kalẹ̀. Kò gbójú sókè, ó kàn na ìka.

"Òun ni."

Àlájì Gàfárù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jókòó lọ́jọ́ náà.

"Mi ò fẹ́ kí ó kú. Oògùn oorun ni. Mo lọ̀ ọ́ sínú fúrà tí mo rà ní Ìyànà Ọ̀fà. Kí ó sùn ni mo fẹ́, kí n ráyè kó àpótí wọ̀nyẹn. Mo ti dà wọ́n sí ṣálángá inú oko mi. Èmi ni mo gé fèrèsé, kí ẹ lè sọ pé olè ni."

"Kí ló dé tí ẹ fi tú wọn tẹ́lẹ̀?" Insipẹ́kítọ̀ bèèrè.

"Iná ò dé. Mo mọ̀ pé kò ní dé. Mo ní ta ni yóò tan kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn láéláé? Ni Ọnọ́rébù bá tẹ̀ mí láago pé ìbò ti ń bọ̀, òun ń kó àwọn oníròyìn àti jẹnẹrétọ̀ bọ̀, àwọn yóò tún tàn wọ́n. Ṣé kí wọ́n tan àpótí òfìfo lójú kámẹ́rà? Ẹ̀rù Ọnọ́rébù ló bà mí. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti Ọlọ́run lọ."

Àpèkẹ́ kò sunkún. Ó wò ó, ó sì yí ojú rẹ̀ kúrò.

Wọ́n tú Roheem sílẹ̀. Ó di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú títí wọ́n fi wọlé. Bọ́ọ̀dù náà wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí ẹ̀rí ni. Ọnọ́rébù Akínfẹ́nwá kò wá mọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn ọmọ Abà Sàńdà wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.