Ẹ Yẹ Ẹ̀rọ Omi Yín Wò Kí Ẹ Tó Gé Páìpù Ẹlòmíràn

Sẹ̀kínátù gbé ìkòkò sábẹ́ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná rẹ̀, ó yí i, ó sì dúró. Omi ń bọ̀ tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ó ṣa òkúta inú ìrẹsì tán, ó bó àlùbọ́sà tán, ìkòkò kò tíì dé ìdajì.

Ní Kétu lọ́dún 1956, ilé tó ní ẹ̀rọ omi nínú ilé ìdáná kò pọ̀. Sàláwù, ọkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fà á wọlé. Tẹ́lẹ̀, tí àlejò bá dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú wọn wọ ilé ìdáná lọ wò ó. Ní báyìí, tí àlejò bá dé, ńṣe ló ń sáré ti ilẹ̀kùn ibẹ̀.

"Bàbá Ráṣídì," Sẹ̀kínátù pè é, "omi yìí ti fẹ́ dá o."

"Mo mọ ẹni tó ń fà á," Sàláwù dáhùn. "Àjíṣafẹ́ ni."

Àbúrò Sàláwù ni Àjíṣafẹ́, ọmọ ìyá kan náà, ògiri kan ló sì pín ilé wọn. Oṣù tó kọjá lòun náà fa omi wọlé, láti ọjọ́ náà ni ọkàn ẹ̀gbọ́n kò ti balẹ̀. Kò bi àbúrò rẹ̀ léèrè o. Ẹ ṣáà mọ àwa ọmọ onílẹ̀: tí àbúrò bá ṣẹ ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á dì í sínú, á máa retí kí àbúrò wá dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀. Àjíṣafẹ́ kò wá. Ó di kí kálukú máa gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ jáde láàárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Sàláwù mú ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, ó kọrí sí gọ́tà tí páìpù àbúrò rẹ̀ gbà kọjá. Sẹ̀kínátù sáré tẹ̀lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pe ẹbí ná! Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìyàwó Àjíṣafẹ́ bímọ. Omi wo ni wọn ó fi wẹ ọmọ?"

"Ta ló bi mí bóyá èmi náà rí omi wẹ̀?"

Ó ti gbé eyín ayùn lé páìpù nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àyànbọ́lá ni, wolé-wolé àdúgbò wa, ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ kó tó wọ kakí. A máa ń sá fún un, torí tó bá rí tanwíjí nínú àmù, ilé ẹjọ́ yá. Lọ́jọ́ náà, kò mú ìwé kankan jáde.

"Bàbá, ẹ gbé ayùn yẹn sílẹ̀. Tí ẹ bá gé páìpù nínú gọ́tà, ìdọ̀tí gọ́tà á wọ inú rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa mú gbogbo àdúgbò, ọmọ tuntun yẹn ló sì máa kọ́kọ́ mú."

"Ó ń jí omi mi ni!"

"Ó dáa. Ṣé ẹ̀rọ mìíràn wà lọ́gbà yín?"

Ó wà. Àyànbọ́lá gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, ó yí i. Omi tú yàà, garawa kún lójú ẹsẹ̀.

"Irú olè wo ló ń jí ti ilé ìdáná, tó ń fi ti ọgbà sílẹ̀? Omi ń dé ilé yín, Bàbá. Ta ló tú ẹ̀rọ ilé ìdáná gbẹ̀yìn?"

Sàláwù gbé ayùn sílẹ̀. "Èmi ni. Ó ń jò lóṣù tó kọjá. Mo gba awọ lọ́wọ́ ṣúmékà, mo gé e, mo fi há a."

Àyànbọ́lá ti omi pa níbi tó ti wọ ọgbà, ó fi sípánà tú orí ẹ̀rọ náà. Awọ ìsàlẹ̀ bàtà ló bọ́ síta. Ó nípọn, ó ti mumi yó, ó wú, ó sì dí ọ̀nà. Sẹ̀kínátù sáré lọ ra wáṣà gidi, rọ́bà fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ kó má baà jò, nísọ̀ onírin. Wọ́n fi sí i, wọ́n ṣí omi padà, wọ́n jẹ́ kí èyí tó pọ́n ṣàn dànù. Omi wá tú.

Sẹ̀kínátù bú sẹ́rìn-ín. Sàláwù kò lè rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Ó lọ kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀.

"Àjíṣafẹ́, díẹ̀ ló kù kí n gé páìpù rẹ. Mo rò pé ìwọ lò ń fa omi mi. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Àjíṣafẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Bọ̀dá mi, omi tèmi náà kì í yọ. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń fà á. Àgbà ni yín, mi ò lè bi yín. Odò ni ìyàwó mi ti ń pọnmi tòun ti oyún, títí dọjọ́ tó bí."

Sàláwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àyànbọ́lá mú sípánà rẹ̀ wọlé lọ. Iyanrìn ìgbà tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ ló kó sí ẹnu ẹ̀rọ Àjíṣafẹ́; fífọ̀ ni wọ́n fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, tí omi ẹ̀rọ kan bá ń bọ̀ tín-ín-rín, ẹ yí òmíràn wò nínú ilé kan náà. Tí ìyẹn bá tú dáadáa, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ẹ ti omi pa, ẹ fọ iyanrìn ẹnu rẹ̀, ẹ wo wáṣà rẹ̀, ẹ má sì fi awọ bàtà dí i. Tó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ni omi wọn ń bọ̀ tín-ín-rín, ẹ bi aládùúgbò yín bóyá tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ jọ lọ sọ fún àwọn tó ń bójú tó omi. Ẹ má gé páìpù ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì tijú àtibéèrè. Ìbéèrè kan tí ọmọ ìyá méjì kò bi ara wọn, aboyún ló fi orí rù ú láti odò wálé.