Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí Ń Kú Lórí Kẹ̀kẹ́

Ọmọ́wùmí fi orúnkún kan ilẹ̀, ó ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni sípánà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá Olúsànyà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi pín lẹ́tà lórí kẹ̀kẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Níwájú ilé rẹ̀ ní Ìkirè ló ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe báyìí. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ni yóò tú u fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì náà tú, ó sì já bọ́ sínú iyanrìn. Ọmọ́wùmí nawọ́ sí i. Ó ń rí i, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò mọ ìgbà tó kàn án. Bàbá ló bá a ṣà á.

"Ṣé bí ọwọ́ rẹ ṣe máa ń rí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Tí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ nìkan ni. Ó ń tó wákàtí kan kó tó sọjí."

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni Ọmọ́wùmí ń ṣe ní ibùdó ìlera kan ní Àpòmù, Ìkirè ló sì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un ní kẹ̀kẹ́ ìje tòkunbọ̀ kan, èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìwo àgbò. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìyá ọmọ. Kò ṣe ọmọ náà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn rí i. Ó ní bí ọwọ́ náà bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kí ó wá jókòó máa kọ káàdì.

Kì í ṣe pé Ọmọ́wùmí káwọ́ gbera. Kẹ́misọ́lá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ló le jù, Ọmọ́wùmí sì ra ìjókòó oní fóòmù tó nípọn. Sùlè tó ń lẹ táyà ní tirẹ̀ ní atẹ́gùn ni kò tó. Ó wo nọ́ńbà ara táyà, ó fi ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà mọ́tò fẹ́ ẹ dé ibẹ̀, ó fi ìka kàn án títí ó fi ń dún bí òkúta, ó ní ó ti jinná. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Ọmọ́wùmí wé fóòmù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tó sì wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Lónìí apá ni yóò máa dùn ún, lọ́la ọrùn ni. Ìdí kò ro ó tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń kú jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá bi í pé èwo ló ràn án lọ́wọ́ nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló sì ṣe é ní jàǹbá.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà."

"Ìwọ lo kó àlejò mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ kan, nǹkan wá sọnù, o ò mọ ẹni tí o máa bi."

Ó gba ìgò omi tí kò kún lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lélẹ̀ gbalaja lórí ìjókòó oní fóòmù náà. Gbogbo omi wọ́ síwájú.

"O rí i? Imú ìjókòó yìí dorí kodò. Ara rẹ ń yọ̀ lọ síwájú, ọwọ́ rẹ ló ń dì í mú. Ọwọ́ rẹ lo fi ń jókòó, Nọ́ọ̀sì."

Ọmọ́wùmí wo ọwọ́ rẹ̀.

Ní ti táyà, Bàbá ní nọ́ńbà tí Sùlè wò, ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá ni, kì í ṣe ibi tí a gbọ́dọ̀ dé. Táyà tó bá le bí òkúta kì í gba kòtò mọ́ra, ọrùn ọwọ́ ló ń gbà á. Fóòmù àti ìbọ̀wọ́ méjì sì sọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ di gìdìgbà, ìka ní láti fún un gan-an kó tó lè dì í mú.

"Ṣé kí n kó gbogbo wọn dànù ni?"

"Má da nǹkan kan nù. Tú u. Ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì."

Ọmọ́wùmí dá ìjókòó àtijọ́ padà, ó sì tẹ́ ẹ títí omi inú ìgò fi dúró sójú kan. Ó gùn ún dé afárá lójú ọ̀nà Àpòmù, ó padà. Ó ní ó dín kù, àmọ́ kò tán, kò sì yé òun. Bàbá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n ti mọ iye tí ìjókòó ń dá nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ọmọ́wùmí tú fóòmù, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó tún lọ. Ó yọ atẹ́gùn díẹ̀ nínú táyà, ó tún lọ. Lẹ́yìn èyí, ìka ọwọ́ òsì nìkan ló ṣì ń kú. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó yọ ọrùn kẹ̀kẹ́ kan jáde nínú àpótí, irin tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ara kẹ̀kẹ́, èyí tó kúrú, tó sì gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀. Ọmọ́wùmí fi rọ́pò tirẹ̀, kò nílò láti nà gbọọrọ mọ́.

Nígbà tó dé láti afárá lẹ́ẹ̀kẹrin, Bàbá ju nọ́ọ̀tì kékeré kan sínú iyanrìn. Ọmọ́wùmí bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì ṣà á, ó fi lé e lọ́wọ́.

Bàbá wọn àlàfo tó wà láàárín táyà àti irin tó dì í mú. Ó ní táyà tó fẹ̀ díẹ̀ sí i yóò gbà, kó rà á tí agbára bá wà, kó sì rí i pé kò ha irin níbì kankan.

Ohun tí bàbá yìí ṣe fún un ni a ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ tún ohun tí ẹ ní tò kí ẹ tó ra òmíràn. Ìjókòó ló ṣáájú, kí ó tẹ́jú, kí orúnkún sì tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má fẹ́ táyà títí yóò fi dún. Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà, kí ẹ gùn ún lójú ọ̀nà kan náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Bí ọwọ́ bá sì ń kú lọ́jọ́ tí ẹ kò gun kẹ̀kẹ́, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe.

Ọmọ́wùmí nu sípánà, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó fi ìjókòó oní fóòmù sílẹ̀ kí Bàbá máa fi tẹ́ àpótí tó ń jókòó lé. Ó ní, "Ó dọjọ́ Ajé tí ọ̀gá mi máa wo ọwọ́ yìí, Bàbá," ó gun kẹ̀kẹ́, ó sì lọ.