Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi Lórí Búréèkì

Kí n tó mọ̀ pé ó máa di ọkọ mi ló ti ń bá mi tẹ búréèkì.

Ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn ní búréèkì méjì, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, èkejì lẹ́sẹ̀ olùkọ́ tó jókòó tì í. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Búréèkì, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Onídìrí ni mí ní tèmi. Ọwọ́ mi yá, ẹnu mi sì yá jù ú lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá," ni mo wí lọ́jọ́ kìíní yẹn, nígbà tí ọkọ̀ tún ta gìrì dúró, "ṣé èmi ni mò ń wà á ni, àbí ẹ̀yin?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí wá lẹsẹ̀ yín ń wá lórí búréèkì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú bínú, Àǹtí. Òkú kì í bínú."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára. Ta ni kì í fẹ́ ẹni tí kò fẹ́ kóun kú? A ṣègbéyàwó, mo sì lóyún.

Inú wa ń dùn títí di ọjọ́ tí a lọ ya àwòrán inú mi. Dókítà tó ń wo ẹ̀rọ tún àwòrán náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní awọ tó pààlà sáàrin ikùn àti àyà ọmọ náà ti lu. Ìfun ti gba ibẹ̀ gòkè, kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ráyè dàgbà. Nínú mi, kò séwu, torí èmi ni mò ń bá a mí. Tí mo bá bí i, àfi kí ẹ̀rọ tètè ràn án lọ́wọ́, kí oníṣẹ́-abẹ tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì dí ihò náà.

"Àwọn méjì ló ń ṣe é nítòsí," ni dókítà wí. "Ẹ lọ rí àwọn méjèèjì. Ilé ìwòsàn ẹni tẹ́ ẹ bá yàn lẹ máa bímọ sí. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Láti ọjọ́ náà, ilé wa ò gbà mí mọ́. Ìyá ọkọ mi kó wá sí yàrá kejì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wá láràárọ̀. Wọ́n ní kí n sùn, kí n gbẹ́sẹ̀ sókè, kí n má dé ṣọ́ọ̀bù mi. Mò ń gbọ́ wọn ní pálọ̀ tí wọ́n ń fohùn wẹ́lẹ́ yan ẹni tí yóò la ikùn ọmọ mi. Tí mo bá yọjú, wọ́n á bi mí bóyá òùngbẹ ń gbẹ mí. Ọmọ há sínú mi, èmi náà há sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò ráyè mí.

Nínú oníṣẹ́-abẹ méjèèjì, àgbà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Dókítà ni wọ́n ń fẹ́. Òun ló ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ náà sì ń gbá bọ́ọ̀lù kiri àdúgbò.

A lọ rí i, ọkọ mi, Ìyá àti èmi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ewú ti bo orí rẹ̀. Ọkọ mi ló kọjú sí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ta ló máa wà lọ́dọ̀ ọmọ náà?"

Kó tó lanu, ọkọ mi ti gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. "Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, olólùfẹ́ mi."

"Ẹ lọ fọkàn balẹ̀," ni Bàbá Dókítà wí. Ọkàn ọ̀hún, mi ò ríbi gbé e lé.

Obìnrin ni èkejì, kò jù mí lọ púpọ̀. Ó ya àyà ọmọ náà sórí bébà, ó wá yí bébà ọ̀hún sí mi. "Ìyá ọmọ, ẹ bi mí ní ohunkóhun."

"Ṣé gbogbo wọn ló máa ń yè?"

"Rárá. Mo ti pàdánù àwọn kan." Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, ó sì sọ ohun tóun ti yí padà nítorí rẹ̀. "Tí mo bá parí iṣẹ́ abẹ, mi kì í lọ sílé títí màá fi rí i pé ọmọ náà ń gbádùn."

Ìyá dìde. Inú ọkọ̀ ló ti bú gbàù. "Ọ̀rọ̀ ikú níwájú aboyún! Bọ́mọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà."

"Ìyá, àkísà tiẹ̀ ló kó síta fún wa yẹn," ni mo wí. "Ti Bàbá Dókítà ńkọ́, ta ló rí i?"

Ọkọ mi tẹjú mọ́ títì.

Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, bí a ṣe ń mu tíì, Ìyá gbọ́wọ́ lé mi lórí. "A dúpẹ́ tí ọkọ rẹ ti lọ bá Bàbá Dókítà sọ ọ́ parí."

Mo gbé búrẹ́dì mi sílẹ̀. Mo wọ yàrá, ọkọ mi tẹ̀ lé mi, ó tilẹ̀kùn.

"O tún tẹ búréèkì mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

"Ayọ̀ mi, fetí sílẹ̀..."

"Mo ti fetí sílẹ̀ tó! Ikùn ta ni? Ṣé ikùn tìẹ ni?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì. Mi ò rí i kó sunkún rí. "Tó o bá yan obìnrin yẹn, tí ọmọ wa bá wá lọ ńkọ́? Mo mọ àwọn èèyàn mi. Wọn ò ní dárí jì ẹ́ láéláé. Mo ní tó bá jẹ́ èmi ni mo yàn, èmi ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ìwọ náà á rẹ́ni bínú sí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fẹ́ gbá a létí.

"Olówó orí mi, mi ò ní kó o bá mi ru ẹ̀bi. Bàbá Dókítà lè mọ iṣẹ́ ju obìnrin yẹn lọ, mi ò mọ̀. Ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ ni mo lè gbé ọmọ mi fún. Ìwọ ṣáà jókòó tì mí."

Ó dìde. Ó nujú, ó jáde sí pálọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú, mo ṣìṣe. Ìyàwó mi ló máa yàn."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ni Ìyá dá a lóhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kẹ́ ẹ lè bá wa di orí ọ̀hún mú."

Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló gbé wá láti fi gbé wa lọ bá obìnrin náà. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ìyá wà lẹ́yìn, ó ń gbàdúrà bí ẹni ń jà. Ní oríta kan, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá já wọ iwájú mi. Mo retí kí ọkọ̀ wa ta gìrì, kò ta. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo máa wẹ̀gbẹ́, ọkọ mi ti ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga bí ọmọdé, òógùn bò ó lójú.

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Ó fẹ́ẹ̀ pa mí. Máa wà á lọ."

Lọ́jọ́ tí mo bímọ, mi ò gbọ́ igbe rẹ̀. Rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, ẹ̀rọ ń bá a mí. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, àwa mẹ́ta jókòó síta. Bí ọmọ náà bá lọ, èmi ni mo yan oníṣẹ́-abẹ rẹ̀. Mo há sínú gbólóhùn yẹn, mi ò rọ́nà jáde.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ mi ti dìde ṣáájú mi, bí ìṣe rẹ̀. Ó wò mí. Ó jókòó padà, ó fọwọ́ tì mí lẹ́yìn kí n lè dìde.

Obìnrin náà wá tààrà sọ́dọ̀ mi. "Ìyá ọmọ," ló wí, "ó ti ráyè mí. Ẹ wá wò ó."